Ẹni Tó Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Gwenfron

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì dìde fún orin ìkẹyìn. Ọ̀gbẹ́ni Idwal ní kí n wá fi àdúrà pa ìsìn dé, bí mo ti máa ń ṣe ní gbogbo ìpàdé wa lórí pápá, mo sì ti dúró síwájú yín báyìí, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́nu mi kì í ṣe àdúrà. Òtítọ́ kan wà tó há mi lọ́fun bí egungun ẹja, kò sọ̀kalẹ̀, kò sì gòkè. Lónìí ni yóò jáde. Dókítà ti sọ ohun tó ń ṣe mí fún mi, ẹ̀yin tí ẹ sì rí bí aṣọ mi ṣe ń ṣò lára mi ti mọ̀ láìjẹ́ pé mo sọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ikú ló lé mi débí. Ẹni tó lé mi débí jókòó lọ́hùn-ún, lẹ́bàá ẹnu àgọ́, ó wọ kóòtù aláwọ̀ ewé, kò sì tíì bọ́ ọ láti ìgbà tó ti wọlé. Heulwen, ọmọ mi, má dìde. Mo bẹ̀ ọ́, gbọ́ mi dé òpin, lẹ́yìn náà kí o ṣe mí bó bá ṣe wù ọ́.

Gbogbo yín ni ẹ mọ Gwenfron, ìyàwó Elfed, ìyá Heulwen. Ẹ̀gbẹ́ mi ló máa ń dúró sí nínú akọrin. Òun àti èmi la jọ ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ àwọn obìnrin, bí mo bá sì gbàgbé ọ̀rọ̀ orin, ètè rẹ̀ ni mo máa ń wò. Ẹ mọ̀ bí iyè rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di pé ó ń bi ọkọ rẹ̀ léèrè pé, "Ọ̀gbẹ́ni, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ni Elfed máa dé?" Elfed á ní, "Kò ní pẹ́ dé mọ́, ìyá." Ẹ sì mọ bó ṣe kú, bí wọ́n ti sọ ọ́ fún yín: pé ní àárọ̀ ọjọ́ tí a ń kúrò lórí pápá etí òkun, Heulwen gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn ilé àfàlẹ́yìn bàbá rẹ̀, irú ilé kékeré onítáyà tí gbogbo wa ń fi ọkọ̀ fà wá sí pápá; pé nígbà tí a dúró lójú ọ̀nà, ìyá rẹ̀ yọ́ jáde nínú ọkọ̀, ó gba ilẹ̀kùn tí kò tì náà wọlé lọ, Elfed sì rò pé inú ọkọ̀ mi ló wà; pé rírìn tó ń rìn káàkiri nínú ilé tó wà lórí eré ló jẹ́ kí ilé náà ṣubú lórí òkè Bwlch. Ìtàn yẹn ni wọ́n gbọ́ níbi ìsìnkú. Òun náà ni ọlọ́pàá gbọ́. Èmi ni mo hun ún, èmi ni mo sì pín in fún yín bí ẹni ń pín búrẹ́dì, ẹ sì jẹ ẹ́, nítorí ẹ gbà mí gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín padà sí àárọ̀ ọjọ́ náà. Ìkúukùu ti wọlé láti orí òkun, ó bo pápá mọ́lẹ̀ débi pé a ń gbọ́ àgùntàn lẹ́yìn ọgbà láìrí wọn. Heulwen ló ṣe àyẹ̀wò ilé bàbá rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àṣà wa. Mo wà níbẹ̀. Ó yí ilé náà ká, ó ń pe nǹkan kọ̀ọ̀kan sókè bó ti ń fọwọ́ kàn án: ẹsẹ̀ igun ti gòkè, àtẹ̀gùn ti wọlé, gáàsì ti pa, fèrèsé òrùlé ti dé, ilẹ̀kùn ti tì. Ó fi kọ́kọ́rọ́ lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Elfed ń gbé imú ilé náà, ibi tí ìkọ́ wà, wọ̀n lọ́wọ́, Ọ̀gbẹ́ni Idwal sì dúró tì í pẹ̀lú ife tíì, ó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ní, "Elfed, ṣé ilé lò ń fà ni, àbí o ti kó gbogbo òkúta ibi ìwakùsà Blaenau sínú ẹ̀?" Elfed ní, "Ìkòkò ìyàwó mi ni. Lọ gbé ikùn tìẹ wọ̀n ná, kó o tó bú ẹrù ẹlẹ́rù." A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà gbogbo wa dákẹ́, nítorí Elfed ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé mọ́ ọkọ̀, ẹ sì mọ̀ pé a kì í bá ẹni tó ń kọ́ ilé mọ́ ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Ó sọ ẹnu ìkọ́ kalẹ̀ lé orí bọ́ọ̀lù irin ìdí ọkọ̀ títí ó fi dún, ó ká táyà kékeré iwájú sókè, ó so okùn irin pupa tó máa fa bíréèkì ilé bí ilé bá já. Èmi dúró sẹ́yìn láti wo iná. Mo pè é, "Òsì. Ọ̀tún. Bíréèkì." Mo gbé àtàǹpàkò mi sókè pé ó dára. Ó dára lóòótọ́. Kò sí àbùkù kankan lára ilé náà nígbà tó kúrò lórí pápá yẹn, kò sì sí àbùkù kankan nínú iṣẹ́ Heulwen.

Heulwen ṣáájú wa lọ nínú ọkọ̀ tirẹ̀ láti lọ gba àyè dè wá lórí pápá kejì. Gwenfron jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Elfed, ó fi búláńkẹ́ẹ̀tì bo itan, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Èmi tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ọkọ̀ mi àti ilé àfàlẹ́yìn tèmi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kò tíì fa ilé rí, ẹ fetí sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, nítorí òun ni yóò jẹ́ kí ẹ mọ ìwà tí mo hù. Imú ilé gbọ́dọ̀ tẹ ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀. Ìdí rẹ̀ tí a fi ń wọ̀n ọ́n nìyẹn. Bí ẹrù bá pọ̀ lẹ́yìn, imú á fúyẹ́, ilé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìrù bí ejò tí wọ́n tẹ̀ lórí. Irin kan wà lẹ́nu ìkọ́ tó ń dì í mú kó má baà jù, ṣùgbọ́n agbára irin náà ní ibi tó mọ. Ẹni tó ń wakọ̀ kì í sì í tètè mọ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn ló ń rí i. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń rìn ní méjìméjì, tí a sì ti jọ fohùn ṣọ̀kan pé bí ẹni ẹ̀yìn bá rí ohun tí kò dára, kó tan iná iwájú ọkọ̀ rẹ̀, kó pa á, kó tún tàn án, ẹni iwájú á sì rọra fi ẹsẹ̀ kúrò lórí torótù tó ń mú ọkọ̀ sáré títí ilé á fi balẹ̀. Ẹni ẹ̀yìn ni ojú ẹni iwájú. Èmi ni ojú Elfed lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí a sún mọ́ ẹsẹ̀ òkè, mo rí i tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Èmi náà yà. Nígbà tí mo fi máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti bọ́ sílẹ̀, ó gbára lé ilẹ̀kùn ọkọ̀, ojú rẹ̀ funfun. Ó ní, "Menna, Gwenfron ti já ìdarí ọkọ̀ gbà mọ́ mi lọ́wọ́. A fẹ́ẹ̀ wọ kòtò." Gwenfron ń sunkún nínú ọkọ̀, ó rí mi, ó ní, "Màdámù, ẹ ṣàánú mi. Ọkùnrin yìí jí mi gbé. Ẹ bá mi pe ọkọ mi." Elfed gbọ́ ọ, ó sì yíjú sí ògiri òkúta ẹ̀bá ọ̀nà. Nígbà náà ni mo sọ ọ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́, kì í ṣe òun. Mo ní, "Jẹ́ ká gbé e sínú ilé lẹ́yìn, kó sùn." Ó ní, "Menna, ìwọ gan-an lo máa ń pariwo mọ́ àwọn èèyàn lórí ẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tó bá ti ń lọ. Òfin ni." Mo ní, "Ta ló máa rí i nínú ìkúukùu yìí?" Ó ní, "Kò ní lè jáde o. Mo ti yọ ọwọ́ ilẹ̀kùn ti inú, torí kó má baà máa rìn lọ." Mo ní, "Ìyẹn gan-an ló dáa. Tí mo bá tì í lóde, kò ní lè ṣubú síta. Mú kọ́kọ́rọ́ wá."  Lẹ́yìn náà ó fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, ó sì padà lọ jókòó sídìí ìdarí ọkọ̀ bí ọmọdé tí wọ́n bá wí.

Mo fi orin mú Gwenfron rìn. Mo bẹ̀rẹ̀ ohùn ìsàlẹ̀, ó gbà á lẹ́nu mi, ó di ọwọ́ mi mú, ó tẹ̀ lé mi bí àgùntàn. Mo ṣí ilẹ̀kùn tí ọmọ rẹ̀ ti tì. Mo tẹ́ ẹ sórí àga gígùn tó wà lókè táyà, níbi tí ìwúwo kì í ti í pa ilé lára, mo bò ó, mo fi ẹnu kò ó níwájú orí. Bí mo bá dúró níbẹ̀, ẹ̀yin ará, bí mo bá sọ fún yín pé àánú ló mú mi ṣe é, ẹ ó gbà mí gbọ́, ẹ ó sì bá mi sunkún. Apá kan nínú ọkàn mi ṣàánú rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ọkọ rẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ tèmi ti kú ni mo ti ń fẹ́ràn rẹ̀, kò mọ̀, n kò sọ fún un, mo ń se ọbẹ̀ fún wọn, mo ń bá a fọ irun ìyàwó rẹ̀, gbogbo yín ń pè mí ní arábìnrin rere. Mo jáde, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì sọ kọ́kọ́rọ́ sápò mi dípò kí n dá a padà. N kò mọ ìdí tí mo fi sọ ọ́ sápò. Bóyá mo mọ̀.

A bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Bí a ti ń gùn ún ni ìkúukùu ń ki sí i, títí n kò fi rí ògiri ẹ̀bá ọ̀nà mọ́, n kò rí ọ̀nà, n kò rí ọkọ̀ Elfed tó wà níwájú ilé. Ohun kan ṣoṣo tí iná ọkọ̀ mi ń kàn ni fèrèsé ẹ̀yìn ilé náà, tó dá dúró níwájú mi láàárín funfun bí àwòrán tí wọ́n gbé kọ́ sínú òfuurufú. A gun òkè parí, a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ ní ìhà kejì. Aṣọ fèrèsé náà mi. Ó ṣí díẹ̀. Ìka jáde níbẹ̀, lẹ́yìn ìka ọwọ́, lẹ́yìn ọwọ́ ojú Gwenfron. Ó ti dìde lórí àga, ó ti rìn dé ẹ̀yìn. Ètè rẹ̀ ń mì. N kò gbọ́ nǹkan kan, ìró ọkọ̀ bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ orin náà láti ara ètè rẹ̀, bí mo ti máa ń mọ̀ ọ́n nínú akọrin. Ó ń wò mí tààrà. Ó sì mọ̀ mí. Mo rí i lójú rẹ̀ pé lọ́jọ́ náà, ní wákàtí náà, ó mọ ẹni tí mo jẹ́. Ìdí ilé náà sún díẹ̀ sí òsì, ó padà, ó sún sí ọ̀tún. Díẹ̀ ni, bí ẹni ń jó jẹ́jẹ́. Ọwọ́ mi ti wà lórí ohun tí a fi ń tan iná. Bí mo bá tàn án, Elfed á fi ẹsẹ̀ kúrò lórí torótù, ilé á balẹ̀, a ó dúró, Gwenfron á sùn, a ó dé pápá kejì, a ó mu tíì. Gbogbo èyí ni mo rí lójú mi kedere. Mo mú ọwọ́ mi kúrò lórí iná. Mo gbé e sókè, mo juwọ́ sí i, mo pè é wá bí a ti ń pe ọmọ tó ń kọ́ ìrìn: wá, wá, sún mọ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó gun orí àga ẹ̀yìn, ó fi gbogbo ara lé dígí, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sára rẹ̀. Ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìrù gidi. Mo ṣì ń juwọ́.

Elfed wá mọ̀ ọ́n lára, ó sì ṣe ohun tí ẹ̀rù máa ń mú èèyàn ṣe: ó tẹ bíréèkì. Ẹni tí ìrù ilé bá ń jù kì í tẹ bíréèkì. Fèrèsé náà yí lọ kúrò nínú iná mi, ìkúukùu gbé e mì, mo sì gbọ́ ariwo kan tí n kò ní ọ̀rọ̀ tí mo lè fi ròyìn rẹ̀.  Mo dúró, mo bọ́ sílẹ̀, mo fi ọwọ́ tọ́ ọ̀nà. Ọkọ̀ Elfed ti fi orí sọ ògiri òkúta, òun fúnra rẹ̀ ti dákú, ṣùgbọ́n ó ń mí. Ilé náà ti fẹ̀gbẹ́ lé ògiri, ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí mi. Mo ti na kọ́kọ́rọ́ sí i nígbà tí mo gbọ́ ohùn darandaran kan nísàlẹ̀, tó ń súfèé sí ajá rẹ̀, tó wá kígbe pé, "Ta ló wà níbẹ̀? Kí ló ṣẹlẹ̀?" Ọwọ́ mi dúró. Mo rò ó pé bó bá dé, tó bá mi níbi tí mo ti ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i, a óò mọ̀ pé wọ́n ti èèyàn mọ́nú ilé láti òde. Wọ́n á bi mí pé ta ló tì í. Nígbà náà ni Gwenfron kan ilẹ̀kùn láti inú. Kò kàn án kíkankíkan. Ó kàn án bí àlejò tó mọ̀wàá hù. Ó ní, "Menna, ṣé ìwọ ni? Mo mọ ẹsẹ̀ rẹ." Ẹni tí kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́ látìgbà òtútù. Ó ní, "Ó tutù níbí. Ṣí i fún mi."

N kò ṣí i. Ẹ̀yin ará, èyí ni ohun tí mo wá sọ. N kò dáhùn. Mo dúró, mo tẹ kọ́kọ́rọ́ mọ́ àyà, mo ń gbọ́ darandaran náà tó ń ṣìnà kiri nínú ìkúukùu, tó ń kígbe pé kí n máa dáhùn kó lè mọ ibi tí òun máa gbà. N kò dá òun náà lóhùn. Ó kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó tún kàn án, ó ti rọ̀. Mo dúró títí kíkan náà fi dópin. Ìgbà yẹn ni mo wá ṣí i jẹ́jẹ́, tí mo fa ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, tí mo lọ fi kọ́kọ́rọ́ sápò Elfed, tí mo wá figbe ta. Gwenfron jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè níbi tó ti ń kàn án. Dókítà sọ lẹ́yìn náà pé ẹ̀jẹ̀ ló ya sí i nínú. Ó ní ká ní wọ́n tètè gbé e jáde ni, kò sì parí ọ̀rọ̀ náà. Darandaran dé, ó bọ́ fìlà. Mo ní fún un, "Ilẹ̀kùn ò tì rárá. Ó ti ní láti yọ́ wọlé nígbà tí a dúró." Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu mi bí ohun tí mo ti há sórí. Nígbà tí Heulwen dé, ó di mí mú léjìká méjèèjì, ó ní, "Anti Menna, mo tì í. Mo rántí pé mo tì í." Mo gbá a mọ́ra. Mo ní, "Ọmọ mi, bóyá o rò pé o tì í ni. Ó ti rẹ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó máa bú ẹ." Mo ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn bí mo ti ń sọ ọ́.

Elfed jí ní ilé ìwòsàn, mo ti sọ ìtàn náà fún gbogbo ayé kó tó lajú. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sọ ọ́ sí i létí. Ó ní, "Heulwen ńkọ́?" Mo ní, "Ó máa gbàgbé. Ọmọdé ni. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n gbé ọ lọ sẹ́wọ̀n, kó wá pàdánù ẹ̀yin méjèèjì?" Ó mi orí pé òun gbà. Ohun tí mo juwọ́ sí ìyàwó rẹ̀ fún kò tẹ̀ mí lọ́wọ́ láé, nítorí láti ọjọ́ náà, bí mo bá wọlé, Elfed á dìde, á jáde. Ní ìgbà òtútù tó kọjá, nígbà tó ń kú lọ, ó ránṣẹ́ sí mi. Ó ní, "Sọ fún un, Menna. Èmi ò lè sọ ọ́. Ẹnu mi ń kọ̀." Mo ṣèlérí. Mo sin ín, mo kọrin níbi ìsìnkú rẹ̀, mo sì tún dákẹ́.

Ṣùgbọ́n Gwenfron kò dákẹ́. Ẹ ó ní àìsàn ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó ti wà kí àìsàn tó dé. Bí mo bá dá jókòó nínú ilé àfàlẹ́yìn mi, tí ẹsẹ̀ igun rẹ̀ ti wà nílẹ̀, tí kò yẹ kó mì, ilẹ̀ rẹ̀ á tẹ̀ díẹ̀ lápá iwájú, á tẹ̀ láàárín, á tẹ̀ lẹ́yìn, tíì inú ife mi á dà sí ìhà ẹ̀yìn, á sì dúró bẹ́ẹ̀. Bí mo bá gbé imú ilé náà wọ̀n, ó máa ń fúyẹ́. Mo kó ìgò omi síwájú, mo kó ìkòkò àti gbogbo oúnjẹ inú agolo síwájú, mo tún un wọ̀n, ó ṣì fúyẹ́. Mo wọlé lọ wò ó, tìmùtìmù ẹ̀yìn ti wọnú bí ibi tí èèyàn ń jókòó, nígbà tí mo sì fọwọ́ kàn án, ó gbóná. Ọ̀gbẹ́ni Idwal, o rántí ìrúwé yìí, nígbà tí o dúró sẹ́yìn láti bá mi wo iná. O kò pe òsì tàbí ọ̀tún. O rìn wá sójú fèrèsé ọkọ̀ mi, o ní, "Menna, ta lo gbàlejò? Ìyá kan ṣí aṣọ fèrèsé, ó juwọ́ pè mí." Mo ní ìjì ni. O ní, "Ìjì wo?" Ìwọ náà mọ̀ pé ewé kan kò mì lórí pápá lọ́jọ́ náà. Ní àárọ̀ kọ̀ọ̀kan tí mo bá dúró lóde, tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, ó máa ń kan ilẹ̀kùn mi láti inú, jẹ́jẹ́, bí àlejò tó mọ̀wàá hù. Kò bínú. Bó bá bínú ni, ǹ bá lè fara dà á.

Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, mo ṣì lè dákẹ́ títí wọ́n á fi sin mí. Mo ti fi ọkàn sí i bẹ́ẹ̀. Àárọ̀ yìí ni ó yí mi padà. Heulwen wá sáàárín wa lẹ́yìn ọjọ́ pípẹ́, ẹ rí bó ti rù. Mo rí i lẹ́bàá ilé àfàlẹ́yìn ẹnìkan tí kò tilẹ̀ mọ̀. Ó fa ọwọ́ ilẹ̀kùn náà wò, ó tì. Ó rìn lọ díẹ̀, ó padà, ó fà á wò. Ó rìn lọ, ó padà. Onílé yọ jáde, ó ní, "Arábìnrin, kí lẹ̀ ń wá?" Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó tì ni." Ó kọjá sí ilé kejì, ó tún fà á wò. Awọ ti bó ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sínú ìrì níbẹ̀, mo gbàdúrà pé kí Ọlọ́run gba ẹrù yìí lórí ọmọ yìí, mo sì mọ̀ bí mo ti ń gbà á pé èmi ni mo gbé e rù ú, ọwọ́ mi náà ló gbọ́dọ̀ sọ̀ ọ́. Kí n tó wọ àgọ́ yìí, mo pe àwọn ọlọ́pàá, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ń bọ̀. Bí ẹ bá ń gbọ́ ọkọ̀ lójú ọ̀nà pápá, kí ó má dẹ́rù bà yín.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, irọ́ tí èèyàn fi ohùn pẹ̀lẹ́ pa ló ń pẹ́ nílẹ̀ jù. Ẹ má ṣe fi ìfẹ́ bo àṣírí yín mọ́lẹ̀ bí mo ti ṣe, tí mo ń pín ọbẹ̀, tí mo ń fọwọ́ pa èèyàn lẹ́yìn, tí mo ń fi ọwọ́ kan náà juwọ́ pe ọ̀rẹ́ mi sínú ikú. Ẹ̀yin ará, ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é, nítorí mo jẹ́ kí ẹ jẹ́rìí èké sí ọmọ aláìṣẹ̀ láìmọ̀. Ọlọ́run nìkan ni mo lè bẹ̀ nítorí Gwenfron.

Heulwen, n kò bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí. Mo ti gba ohun tó pọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Ohun kan ni mo fẹ́ kí o mú kúrò níbí. Nígbà tí mo mú ìyá rẹ dé ẹnu ilẹ̀kùn náà lẹ́bàá títì, mo kọ́kọ́ fà á wò kí n tó fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Ó tì. Ó tì gbọn-in, ọmọ mi. Ìwọ tì í.